Gàárì àti Ìjánu Nìkan Kò Tó: Èdè-Ìperí fún Ìbísí àti Ìkọ́ni Ẹṣin

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà wa ni ó wí pé òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe ni a fi ń wá a. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ gbólóhùn yìí. Síbẹ̀, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ẹṣin ni a mú nínú gbogbo ẹran láti fi ṣe àpèjúwe bí ọ̀rọ̀ ti ń rìn, nígbà tí ó jẹ́ pé ewúrẹ́, àgùtàn àti adìẹ ni ó kún ẹ̀yìnkùlé wa. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀yọ́, tí ó fi ẹṣin jagun, tí ó sì fi ẹṣin gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìlú tí ó ṣẹ́gun, ni ẹ̀ka-èdè rẹ̀ di ìpìlẹ̀ pàtàkì fún Yorùbá àjùmọ̀lò tí à ń kọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ojú inú wo olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó fẹ́ túmọ̀ ìwé kékeré kan lórí ẹṣin sí Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìwé náà ti Amẹ́ríkà wá, kí ó sì jẹ́ pé irú ẹṣin tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Quarter Horse ni ó dá lé. Ní ojú ìwé kìíní, orúkọ ẹṣin náà yóò dá a dúró. Bí ó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan sí ọ̀rọ̀ kan, yóò kọ ‘ìdámẹ́rin ẹṣin’, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé itan ẹṣin ni à ń tà. Ní ojú ìwé kejì, yóò bá irin kékeré tí agẹṣin ń so mọ́ gìgísẹ̀ pàdé. Bí kò bá mọ kẹ́sẹ́, yóò pè é ní ‘irin ẹsẹ̀’. Ní ojú ìwé kẹta, yóò bá wàrà àkọ́kọ́ tí ọmọ ẹṣin gbọ́dọ̀ mu pàdé, kò sì ní rí ọ̀rọ̀ kan pàtó tí yóò fi pè é. Ìṣòro mẹ́ta ni èyí, wọn kò sì jọra. Èkíní jẹ́ ti ìtumọ̀. Èkejì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí ó wà ṣùgbọ́n tí a ti ń gbàgbé. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí kò tíì sí.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó péye fún gígun ẹṣin àti dídì í ní gàárì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó fún bíbí ẹṣin, títọ́ ọmọ rẹ̀ àti kíkọ́ ọ fún ìdíje. Kì í ṣe àìgbọ́n àwọn baba wa ni ó fà á. Eṣinṣin kan ni. Ẹni tí ó bá mọ ìdí yìí ni yóò mọ ibi tí ó yẹ kí á ti hú ọ̀rọ̀ àtijọ́ jáde, àti ibi tí ó yẹ kí á ti ṣẹ̀dá tuntun. Bí a bá ṣi ọ̀nà méjèèjì yìí mú, a ó máa ṣẹ̀dá ohun tí a ti ní, a ó sì máa wá ohun tí kò sí.

2. Ẹṣin ní Ọ̀yọ́-Ilé

Ìwé ìtàn tí Samuel Johnson parí ní Ọ̀yọ́ ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ nípa Aláàfin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ẹni tí ogun rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n sì ń so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kí ó lè máa gbá ojú ẹsẹ̀ wọn rẹ́ lórí ilẹ̀. Láti ayé ọba yìí ni a ti lè sọ pé ẹṣin di ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀yọ́.

Ní 1726, ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dàhòmì. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1734, kọ ohun méjì tí ó yẹ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fi ọkàn sí. Èkíní ni pé ìró ìbọn àwọn ará Dàhòmì ń dẹ́rù ba àwọn ẹṣin Ọ̀yọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fẹ́ sún mọ́ iwájú. Èkejì ni pé bí òjò bá ti dé, tí oúnjẹ ẹṣin sì wọ́n, ogun náà a padà sílé. Ìtàn ogun ni a sábà máa ń ka èyí sí. Ṣùgbọ́n ìtàn ìkọ́ni ẹṣin àti ìtàn oúnjẹ ẹṣin ni pẹ̀lú, a ó sì padà sí i níwájú.

Ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè kan wà tí a ń pè ní Ọlọ́kùn-ẹṣin. Ayé mọ oyè yìí nítorí ikú tí àṣà ní kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ bá ọba kú, èyí tí Wole Soyinka gbé eré rẹ̀ tí ó jáde ní 1975 kà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo orúkọ náà fúnra rẹ̀, orúkọ iṣẹ́ ni. Ẹni tí okùn ẹṣin wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ọlọ́kùn-ẹṣin. Ìlú tí ó bá fi oyè ńlá dá olùtọ́jú ẹṣin lọ́lá kò lè ṣe aláìní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ ẹṣin.

3. Eṣinṣin tí ó dínà

Ọ̀yọ́ ní ẹṣin, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń bí èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí tí Robin Law ṣe lórí ẹṣin nínú ìtàn ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ó jáde ní 1980, jẹ́ kí ó yé wa pé Òkè Ọya ni a ti ń ra ọ̀pọ̀ ẹṣin Ọ̀yọ́. Bí àwọn kan bá kú, a ó tún ra òmíràn. Ọjà ni ó ń fi ẹṣin kún ẹṣin, kì í ṣe oyún.

Ohun tí ó fà á ni àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ní 1895, David Bruce, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ àwọn Zulu ní gúúsù Áfíríkà, fi hàn pé ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń pa màlúù àti ẹṣin níbẹ̀, àti pé eṣinṣin yìí ni ó ń gbé e láti ara ẹran kan sí òmíràn. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ohun ẹlẹ́mìí náà ń gbé, ó sì ní ìrù bíi pàṣán tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹṣin tí ó bá kó àrùn náà yóò máa ní ibà tí ó ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò máa gbẹ, yóò máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun, abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń kú.

Eṣinṣin tsetse fẹ́ràn òjìji àti ọ̀rinrin. Ó pọ̀ nínú igbó àti ní etí odò, ó sì dínkù níbi tí ọ̀dàn bá ti gbẹ. Ìdí nìyí tí Ọ̀yọ́-Ilé, tí ahoro rẹ̀ wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1991, fi lè so ẹṣin mọ́lẹ̀ dáadáa ju àwọn ìlú inú igbó lọ. Nígbà tí a fi Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀ ní nǹkan bí 1836, Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́, ní ìhà gúúsù, níbi tí igbó ti sún mọ́lé. Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn sá wọ̀, dúró ní àárín ọ̀nà Ìlọrin àti ti gúúsù. Ní nǹkan bí 1840, Ìbàdàn ṣẹ́gun ogun Ìlọrin tòun ti ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ní Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni ọlá ẹṣin ti ń dínkù lójú ogun nílẹ̀ Yorùbá, tí ó sì ń di ohun ìyẹ́sí fún ọba àti ìjòyè.

Kì í ṣe pé kò sí ẹṣin kankan tí ó lè fara da ilẹ̀ wa. Ní Togo àti Benin, irú ẹṣin kúkúrú kan wà tí a ń pè ní Kótókólí. Ṣùgbọ́n ẹṣin kúkúrú kọ́ ni ológun ń wá. Ẹṣin gíga láti Òkè Ọya ni ó wù ú, òun náà sì ni ó tètè ń kú.

4. Ẹ̀rí tí ó wà nínú èdè

Bí ìtàn yìí bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí ó hàn nínú èdè, ó sì hàn. Ẹ wo adìẹ, tí gbogbo ilé ń sìn. Akọ rẹ̀ ni àkùkọ. Abo tí ó ti ń yé ẹyin ni àgbébọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni òròmọdìẹ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró. Akọ ewúrẹ́ ni òbúkọ; akọ àgùtàn ni àgbò. Ẹni tí ó ń mú ẹran bí sí i ní ojoojúmọ́ kò ní àkókò láti máa pe ‘akọ’ àti ‘abo’ mọ́ orúkọ ẹran. Iṣẹ́ rẹ̀ ti bí orúkọ fún un.

Ẹ wá wo ẹṣin. Akọ ẹṣin, abo ẹṣin: ọ̀rọ̀ méjìméjì tí a so pọ̀. Bákan náà ni ti màlúù, tí òun pẹ̀lú ti Òkè Ọya wá: akọ màlúù, abo màlúù. Fún ọmọ ẹṣin, a ní agódóńgbó, ọ̀rọ̀ àtàtà tí ó yẹ kí á dì mú ṣinṣin, ṣùgbọ́n òun nìkan ni. Kò sí orúkọ kan pàtó fún abo ẹṣin tí a yàn fún bíbí, tàbí fún ọmọ ẹṣin tí ó ti pé ọdún kan tí kò sì tíì tó gùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé orí ohun èlò agẹṣin, ọ̀rọ̀ á tú jáde bí omi: gàárì, ìjánu, líkáfà, kẹ́sẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀. Fún ara ẹṣin, a ní gọ̀gọ̀ fún irun ọrùn, pátákò fún èékánná ẹsẹ̀, a sì ní ọ̀rọ̀-ìṣe yán fún igbe rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí tí ó dájú ju èyí lọ. Ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ṣe ni ẹnu rẹ̀ ń dárúkọ. Àwọn baba wa gun ẹṣin ju bí wọ́n ti bí i lọ.

5. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní, tí a sì ń pàdánù

Ewu tí ó wà lórí àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí kì í ṣe pé wọ́n ti kú. Wọ́n wà láàyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti kúrò lára ẹṣin. Líkáfà ni ó ṣe àpẹẹrẹ èyí jù. Nígbà tí a bá wí pé líkáfà ẹnì kan ń gòkè, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ipò rẹ̀ ń ga sí i. Mélòó nínú àwa tí ń sọ ọ́ ni ó mọ̀ pé nínú èdè Haúsá, likkafa ni irin tí agẹṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ láti gorí ẹṣin? Bí olùkọ́ bá kọ ‘irin ìtẹsẹ̀bọ̀’ sínú ìwé rẹ̀, kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn sílẹ̀, ó sì ti sọ àǹfààní àtiṣàlàyé rẹ̀ nù.

Bákan náà ni kẹ́sẹ́. A máa ń wí pé a gún ẹnì kan ní kẹ́sẹ́ kí ó lè ṣe ohun tí ó yẹ. Irin ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni kẹ́sẹ́, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí i nínú àwòrán.

Gàárì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọwọ́ Haúsá ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹṣin ti wá. Ṣùgbọ́n sirdi ni Haúsá ń pe gàárì. Inú èdè àwọn Songhai, ní apá Ọya lókè lọ́hùn-ún, ni a ti rí gaari fún ohun kan náà. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà tí ohun èlò ẹṣin gbà dé ọ̀dọ̀ wa ju ẹyọ kan lọ. Ẹṣin fúnra rẹ̀ kò sì jọ doki tí Haúsá ń wí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ìperí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ àyálò ni ó jẹ́ àlejò àná.

Ìjánu ni ó ní ọmọ jù nínú wọn. Láti ara rẹ̀ ni a ti rí ìkóra-ẹni-níjàánu. Àbá wa ni pé kí á fi ìjánu sílẹ̀ fún gbogbo ohun tí a fi ń dá ẹṣin lẹ́kun ní orí, kí á sì pín in sí mẹ́ta fún ẹ̀kọ́: irin ìjánu ni èyí tí ó wọ ẹnu, awọ ìjánu ni èyí tí ó yí orí ká, okùn ìjánu ni èyí tí ó wà lọ́wọ́ agẹṣin.

6. Ìperí fún ìbísí

Ibí yìí ni iṣẹ́ tuntun wà. A mú ẹṣin Quarter Horse ti Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ nítorí pé ẹgbẹ́ tí ń kọ ìwé ìran rẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní Fort Worth, Texas, ní 1940, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù lọ láyé, ìwé lórí rẹ̀ sì pọ̀. Orúkọ ẹṣin náà ti ara eré ìdámẹ́rin máìlì wá, èyí tí ó tó nǹkan bí mítà 400, nítorí pé kò sí ẹṣin tí ó ń yára tó o ní ọ̀nà kúkúrú bẹ́ẹ̀. Àbá wa ni pé kí á má ṣe túmọ̀ orúkọ ìran ẹṣin, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í túmọ̀ orúkọ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí á kọ ẹṣin Kọ́tà, kí á sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Gíga rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìbú ọwọ́ 14 àti 16, láti ilẹ̀ dé òkè èjìká. Ìbú ọwọ́ kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ó lé díẹ̀.

Àwọn ìperí tí a dá lábàá nìwọ̀nyí:

Abo ẹṣin ìbísí àti akọ ẹṣin ìbísí: èyí tí a yàn láti bímọ, yàtọ̀ sí èyí tí a ń gùn lásán.

Ẹṣin ọ̀dá: akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá kí ó lè rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ìtẹ̀lọ́dàá. A ti ń lò ó fún òbúkọ àti àgbò, kò sì sí ìdí tí a ó fi wá òmíràn.

Wíwá-akọ: àkókò tí abo ẹṣin gbà kí akọ gùn ún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìkan dé ìbẹ̀rẹ̀ èkejì jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 21.

Oyún ẹṣin: nǹkan bí oṣù 11 ni. Ọ̀rọ̀ oyún tó, kò nílò ọ̀ṣọ́.

Wàrà àkọ́sun: wàrà tí ó kọ́kọ́ sun lẹ́yìn ìbímọ. Ìperí yìí ni a kà sí pàtàkì jù. Agbóguntàrùn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ abo ẹṣin kì í kọjá sára ọmọ nínú oyún. Inú wàrà àkọ́sun ni ọmọ ti ń rí i. Ìfun agódóńgbó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láàárín nǹkan bí wákàtí 24. Ọmọ tí kò bá mu ún láàárín àkókò náà wà nínú ewu ńlá. Bí a kò bá ní ọ̀rọ̀ tí a ó fi kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń ṣọ́ abo ẹṣin lóru, agódóńgbó ni yóò jẹ ìyà àìní ìperí wa.

Jíjá lẹ́nu ọmú: nǹkan bí oṣù 4 sí 6 lẹ́yìn ìbí. Èyí náà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a ti ní.

Ẹgbọ̀rọ̀ ẹṣin: ẹṣin tí a ti já lẹ́nu ọmú tí kò tíì tó gùn. A fi ojú ẹgbọ̀rọ̀ màlúù wò ó.

Ìwé ìran: ìwé tí a kọ orúkọ baba, ìyá àti àwọn bàbá ńlá ẹṣin sí.

Àṣàyàn ìbísí: yíyan èyí tí yóò bímọ nínú agbo nítorí ìwà tàbí ìrísí rẹ̀.

Ó yẹ kí á fi àpẹẹrẹ kan hàn pé àṣàyàn ìbísí lè di pàkúté. Akọ ẹṣin Kọ́tà kan wà tí ń jẹ́ Impressive, tí iṣan ara rẹ̀ tóbi tí ó sì wu àwọn onídàájọ́ nínú ìdíje ìrísí. Gbogbo ènìyàn fẹ́ ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a wá rí i pé àìsàn kan ń bá ìran rẹ̀ kiri, nínú èyí tí pótásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sókè jù, tí iṣan á máa gbọ̀n, tí ẹṣin á sì lè ṣubú lulẹ̀. Jíìnì tí ó fà á jẹ́ jíìnì aborí, èyí ni pé kí ọmọ jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo tó láti mú un ṣàìsàn. Òdì-kejì rẹ̀ ni jíìnì asápamọ́, tí kì í hàn àyàfi bí ó bá ti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì wá. Láti ọdún 2007, agódóńgbó tí ó bá jogún jíìnì àìsàn yìí lọ́dọ̀ baba àti ìyá kò lè wọ ìwé ìran ẹgbẹ́ náà mọ́. Ẹ̀wà tí a lé kiri ni ó gbé àrùn wọlé.

7. Ìperí fún ìkọ́ni àti ìdíje

Ẹ rántí àwọn ẹṣin Ọ̀yọ́ tí ìró ìbọn ń lé padà. Ohun tí wọn kò rí gbà ni à ń pè ní ìmúmọ́lára níhìn-ín: kí á máa fi ohun tí ó ń bani lẹ́rù han ẹṣin láti òkèèrè, díẹ̀díẹ̀, kí á sì dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá fara balẹ̀, títí tí ohun náà yóò fi mọ́ ọn lára. Ẹranko tí a máa ń pa jẹ ni ẹṣin láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Sísá ni ààbò rẹ̀. Ẹni tí ó bá nà án nítorí pé ó bẹ̀rù ti fi ẹ̀rù kún ẹ̀rù. Ìmọ̀ yìí wúlò ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí, níbi tí àwọn ìdílé balógun ti ń gẹṣin níwájú Awùjalẹ̀ nígbà Ojúde Ọba, ní àárín ìlù, ariwo àti ọ̀pọ̀ èrò.

Ìpele tí ó tẹ̀ lé e ni ìyípo olókùn: akọ́ṣin dúró ní àárín, ó di okùn gígùn mú, ẹṣin sì ń yí i po kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Níbẹ̀ ni ẹṣin ti ń kọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ àti oríṣi ìrìn. Fún oríṣi ìrìn, a dábàá pé kí á ka ìró pátákò, nítorí pé etí Yorùbá ti mọ ìlù. Ìrìn ní ìró mẹ́rin tí ó dọ́gba. Eré olóhùn-méjì ni èyí tí ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òdì-kejì jọ ń balẹ̀. Eré olóhùn-mẹ́ta yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ iwájú kan sì máa ń ṣáájú nínú rẹ̀. Eré àsápajúdé ni èyí tí ó yára jù, ìró rẹ̀ tún padà di mẹ́rin. Olùkọ́ lè lu tábìlì rẹ̀ láti fi ìyàtọ̀ wọn han kíláàsì.

Nínú ìdíje àwọn daran-daran Amẹ́ríkà, mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà. Èkíní ni ìdíje ìjánu, èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1966. Ẹṣin yóò sáré ní òbìrípo ńlá àti kékeré. Yóò ṣe ìpòòyì, èyí ni pé yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró sójú kan, yóò sì fi ti iwájú yí po. Yóò ṣe ìdúró afìdíwọ́lẹ̀, nínú èyí tí ìdí rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò sì máa wọ́ lórí ilẹ̀. Máàkì 70 ni onídàájọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa fi kún un tàbí kí ó máa yọ nínú rẹ̀. Ohun tí a ń wò jù ni bí okùn ìjánu ti dẹ̀ tó. Ẹṣin tí a ní láti máa fa ẹnu rẹ̀ kò tíì gbọ́ èdè. Ìkóra-ẹni-níjàánu gan-an ni à ń díje lé lórí, èdè wa sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó gbọ́ orúkọ Texas.

Èkejì ni ìyàlágbo: láàárín ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀, agẹṣin yóò ya màlúù kan kúrò nínú agbo, yóò sì dẹ ọwọ́ ìjánu sílẹ̀ kí ẹṣin fúnra rẹ̀ máa dá màlúù náà lọ́nà. Ẹ̀kẹta ni ìje àgbá mẹ́ta, nínú èyí tí ẹṣin ń sáré yí àgbá mẹ́ta po, tí aago sì ń ṣe ìdájọ́.

8. Àgbálọgbábọ̀

Láti 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún lè jiyàn pé èdè wa kò lè gbé ìmọ̀ yìí. Nígbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ọ̀nà tí a fi ń ṣẹ̀dá ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ti là. Ohun tí ó kù ni kí á máa mú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí á sì bèèrè ìtàn rẹ̀ kí á tó bèèrè ìperí rẹ̀.

Lórí iṣẹ́ ẹṣin, àbá wa jẹ́ mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yọ́ lọ bá àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin ọba àti ìjòyè, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà lára ẹṣin àti ara gàárì sílẹ̀, kí àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó lọ. Èkejì, kí a má ṣe tijú láti bi àwọn ọmọ Haúsá àti Fúlàní tí ń sin ẹṣin láàárín wa. Líkáfà kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ àyálò lè di ọmọ ilé. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹran ọ̀sìn ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Yunifásítì Ládòkè Akíńtọ́lá ti wà láti 1990, dán àwọn ìperí ìbísí tí ó wà lókè wò nínú kíláàsì. Èyí tí kò bá ṣeé sọ geere, kí wọ́n jù ú nù, kí wọ́n sì fi èyí tí ó sàn jù rọ́pò rẹ̀.

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Àwọn baba wa ti fi gàárì àti ìjánu lé wa lọ́wọ́. Eṣinṣin ni kò jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ wàrà àkọ́sun kún un. Àwa tí a ti mọ eṣinṣin náà, tí a sì mọ oògùn rẹ̀, kò ní àwáwí.